Cache kì í ṣe ìṣúra o: èsì mi lórí orúkọ tí a fẹ́ fún geocaching

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mi ò fẹ́ dá sí àríyànjiyàn yìí tẹ́lẹ̀, lórí orúkọ Yorùbá tí a máa fún cache, ìyẹn ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ nínú eré geocaching, àmọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n ti ní ká kúkú máa pè é ní "ìṣúra", tí ẹnìkan tún ní "àrímọ́lẹ̀" ló bá a mu jù, tí àbúrò wa sì ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, ká kàn kọ ọ́ ní "káàṣì" kó tán, mo ní rárá o, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń ṣe eré yìí fúnra mi sọ tẹnu mi kí ẹ tó dì í mú.

Fún ẹni tí kò tíì ṣe é rí, eré náà ò le. Ẹnìkan á wá nǹkan tó ní ìdérí, á ki ìwé pélébé kan bọ inú ẹ̀, á gbé e pamọ́ síbi tí òfin gbà, á fi GPS (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi téèyàn wà) ka nọ́ńbà ibẹ̀, á wá gbé nọ́ńbà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èmi àtìwọ á gbé fóònù tàbí GPS alágbèéká, a ó máa wá a kiri. Tá a bá rí i, a ó kọ orúkọ wa àti déètì sínú ìwé yẹn, a ó dá a padà síbi tá a ti bá a gan-an, kì í ṣe síbi tó wù wá, kì í ṣe síbi tá a rò pé ó tún sàn jù ú lọ. Ó parí.

Àbúrò, káàṣì tìẹ ni màá kọ́kọ́ mú. Lóòótọ́, bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pè é nìyẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni Òyìnbó ti rí i, cacher, kéèyàn fi nǹkan pamọ́. Àmọ́ gbé e sétí Yorùbá ná: "Mò ń lọ wá káàṣì nínú igbó." Ta ló máa gbọ́ ọ tí kò ní ro owó? Káàṣì lẹ́nu wa, owó ni, owó tó wà lọ́wọ́ báyìí-báyìí. Tó o bá délé, wọ́n á ní èló lo rí. Mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà o, mo máa ń sọ fóònù, mo máa ń sọ bátìrì, GPS gan-an mi ò ní túmọ̀ ẹ̀, kí ló kàn mí? Ṣùgbọ́n àyálò tó bá bá ẹlòmíì nínú yàrá, tí ìyẹn sì ti nasẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ibo ló fẹ́ sùn?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ó wá kan tiyín. Ìṣúra, ohun iyebíye ni, ohun tẹ́nìkan tò jọ fún ara ẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíì kàn. Cache ò rí bẹ́ẹ̀, torí àlejò ni wọ́n ṣe gbé e síbẹ̀. Ẹ wo ti àkọ́kọ́ ná. Ní oṣù May ọdún 2000, òru ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì, ìjọba Bill Clinton ní Amẹ́ríkà yọ ìdíwọ́ kan tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú GPS tí aráàlú ń lò, tó jẹ́ pé ó lè fi bí 100 mítà ṣini lọ́nà. Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dave Ulmer gbé korobá dúdú kan lọ sínú igbó nítòsí Beavercreek ní ìpínlẹ̀ Oregon, ó ní kí àwọn èèyàn fi GPS wọn wá a wá. Kí ló wà nínú korobá? Ìwé, sọ́fíwíà, fídíò, kànnàkànnà, àti agolo ẹ̀wà kan. Agolo ẹ̀wà o! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìṣúra nìyẹn? (Òfin ò gba oúnjẹ nínú cache mọ́ báyìí, ẹranko tó bá gbóòórùn ẹ̀ á ya ike yín sí wẹ́wẹ́.)

Ohun tó tún mú mi sá fún ìṣúra ni ojú ọmọdé tí mo ti rí. Ẹ bá sọ fún ọmọ pé ìṣúra lẹ fẹ́ wá, ó rin kìlómítà méjì, ó ṣí ike, ó bá bọ́tìnì kan àti ọkọ̀ ìṣeré tí táyà ẹ̀ ti yọ. Bẹ́ẹ̀ òfin pàṣípààrọ̀ ibẹ̀ dáa, ohun tó o bá mú, fi èyí tó bá a dọ́gba tàbí tó sàn jù ú lọ sílẹ̀, tó ò bá sì ní nǹkan kan lọ́wọ́, má mú nǹkan kan, kọ orúkọ ẹ kó o máa lọ. Àwọn tó pọ̀ jù gan-an, ìwé nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Orúkọ tó bá ṣèlérí ohun tí kò sí, orúkọ burúkú ni.

"Àrímọ́lẹ̀" ńkọ́? Ó dùn lẹ́nu, mo gbà, àmọ́ irọ́ ni. Korobá Ulmer yẹn, wọ́n rì í díẹ̀ mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lónìí ọ̀kan nínú òfin tó le jù ni pé o ò gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀ láti gbé e pamọ́, ẹni tó ń wá a náà ò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́lẹ̀. Tá a bá wá sọ orúkọ ẹ̀ ní àrímọ́lẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni àwọn tuntun á gbé ṣọ́bìrì dé ọgbà ọlọ́gbà. Èkejì, ẹ bá ara yín sọ òótọ́, tí Yorùbá bá gbọ́ pé wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀ nídìí igi, kí ni ọkàn ẹ̀ máa ń lọ bá? Àwọn Òyìnbó náà ní irú ìṣòro yìí. "Stash" ni Ulmer kọ́kọ́ pè é, àwọn tó ń bá a sọ ọ́ lórí ímeèlì ní ọ̀rọ̀ yẹn ń rùn bí ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn olóró sí. Nígbà tó di ọjọ́ 30 oṣù May yẹn náà, Matt Stum ní kí wọ́n máa pè é ní geocaching, ìyẹn ló sì dúró. Oṣù kan ò tíì pé! Àwa rèé, ọjọ́ kẹrin rèé tá a ti wà lórí ìṣúra.

Èmi, "àfipamọ́" ni mo dúró lé. Ìdí ni pé "fi pamọ́" tiwa yìí, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fara pamọ́, a ò fẹ́ kí wọ́n rí i. Ó fi ìwé ẹ̀ pamọ́, ó ń tọ́jú ẹ̀ ni, kó má baà sọnù. Cache gan-an nìyẹn. Nǹkan tó sá fún ojú àmọ́ tí ẹnìkan ń bójú tó, torí pé tó o bá gbé e síbẹ̀, ìwọ lo máa lọ pààrọ̀ ìwé tó bá kún, ìwọ lo máa nu omi inú ẹ̀. Ẹni tó gbé e sí ìlú tó ti lọ ṣàlejò, tó wá padà sílé, ìyẹn ò fi nǹkan pamọ́, ó da ìdọ̀tí sílẹ̀ ni.

Ẹnìkan ti béèrè pé ìfowópamọ́ ńkọ́, ṣé kò ní dà rú. Kò lè dà rú, owó wà láàárín ìyẹn. Ibi tó ti lè dà rú gidi ni ohùn: àfipamọ́, nǹkan náà ni, afipamọ́, ẹni tó gbé e síbẹ̀. Ẹ sì mọ bá a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, kò sí ẹni tó ń fàmì sí i. Torí náà ẹ jẹ́ ká máa pe onítọ̀hún ní "aláfipamọ́", ó ni ín, òun ló máa tún un ṣe. Ẹni tó ń wá a, "awáfipamọ́". Eré náà, "wíwá àfipamọ́", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò pọn dandan ká fi "ayé" kankan bọ ibẹ̀ torí geo tó wà nínú geocaching.

Ibi tí inú mi ti dùn jù ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí kò mọ̀ nípa eré yìí, muggle. Inú ìtàn àwọn oṣó ni wọ́n ti yá a. Àwa, a ò ní láti yá a lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a ní "ọ̀gbẹ̀rì" nílẹ̀! Ọ̀gbẹ̀rì ò mọ màrìwò. Tí ọ̀gbẹ̀rì bá ń kọjá, má ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́ra bí olè, dúró, gbé fóònù sétí bí ẹni tó ń gba ìpè, tó bá lọ tán kó o máa wá nǹkan ẹ lọ. Tí àfipamọ́ bá sì dàwátì, "ọ̀gbẹ̀rì ti gbé e". Ta ló fẹ́ sọ pé ìyẹn ò dùn ju ti Òyìnbó lọ?

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí àfipamọ́ tuntun, àwọn kan ti dábàá "àkọ́rí", bí àkọ́bí, bí àkọ́so. Ó dáa. Àmọ́ ẹ má gbìyànjú láti pe èèyàn ní "alákọ̀ọ́rí" o, ẹ wo ohun tó fi jọ. Ẹ pe ọ̀rẹ́ yín ní alákọ̀ọ́rí lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ wo bóyá ó máa dúró gbọ́ àlàyé àmì ohùn.

Ìwọ̀n wá ńkọ́. Ẹ jẹ́ ká lo ọ̀rọ̀ tí ń fi dídún ara ẹ̀ sọ bí nǹkan ṣe tó, ohun tí èdè wa mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Micro, èyí tí kò tó 100 mílílítà, "tíńtín". Nano, tó dà bí orí ìka, "bíńtín". Láti 100 mílílítà dé lítà kan, "kékeré". Láti lítà kan dé 20, "àárín". Tó bá ti ju ìyẹn lọ, "ràbàtà". Mo mọ̀ pé ìjà á bẹ̀rẹ̀ lórí èwo ló kéré jù nínú tíńtín àti bíńtín. Létí tèmi, bíńtín ni, ètè pa dé pọ̀ lórí ẹ̀, kò fẹ́ jáde. Ẹ máa mú ẹ̀mú kékeré dání fún bíńtín o, ìwé ẹ̀ á wé mọ́ra bí owú, èékánná ò lè yọ ọ́. Kò sì gba bírò, torí náà ẹ mú tiyín lọ, pẹ́ńsù ló sì dáa jù, yíǹkì ò ní kọ lórí ìwé tó bá ti rin. Ike fíìmù ìgbà àtijọ́ tí gbogbo ayé ń lò yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, omi máa ń wọ inú ẹ̀, á sì jókòó síbẹ̀. Túùbù irin tó ní rọ́bà róbótó lọ́rùn dáa jù ú lọ. Fún àárín, àpótí onírin tí ológun fi ń kó ọta ìbọn ló ń pẹ́ jù, àmọ́ ẹ kun àmì ológun ara ẹ̀ pa, kẹ́ ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára ẹ̀ pé eré ni, torí wọ́n ti tìtorí irú ẹ̀ pe àwọn tí ń tú bọ́ǹbù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́bàá ilé, ike tí èèyàn lè rí inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò. Kó jìnnà sí tẹlòmíì ní 161 mítà, ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gbàyè lọ́wọ́ ẹni tó nilẹ̀.

Irú ìràwọ̀ méjì tí wọ́n ń fún àfipamọ́ kọ̀ọ̀kan, láti 1 dé 5, wọ́n ti túmọ̀ méjèèjì sí "ìṣòro", kò yé ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ "ìṣòro ojú" àti "ìṣòro ẹsẹ̀". Ọ̀kan, bó ṣe le láti rí i. Èkejì, bó ṣe le láti débẹ̀. Ìṣòro ẹsẹ̀ 1, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn gbọ́dọ̀ lè dé ibẹ̀.

Nọ́ńbà ibẹ̀ náà ní wàhálà tiẹ̀, èyí sì dun mí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ wo ti korobá Ulmer: N 45° 17.460, W 122° 24.800. A ń pe 17.460 yẹn ní "ìṣẹ́jú", èèyàn á wá rò pé 460 tó tẹ̀ lé e á ní ìṣẹ́jú àáyá nínú, á kà á sí ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 46. Ó ti fi bí 570 mítà ṣìnà nìyẹn. Èmi rin irú ẹ̀ dé etí odò kan tí kò kàn mí. Ẹ wo 24.800, ṣé ìṣẹ́jú àáyá 80 wà? Kò sí, ìyẹn nìkan ti tó láti fi mọ̀ pé ẹsẹ̀ onídẹ́símà ni. Mo dábàá pé ká máa pè é ní "ìdá-dígírì", ká fi ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún aago. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn pátápátá, tẹ́ ẹ bá fi ẹyọ kan sí i ní ìlà ìbú, bíi mítà 1.85 lẹ sún, bẹ́ẹ̀ GPS gan-an ń fi mítà mẹ́ta sí márùn-ún ṣìnà ní gbangba, abẹ́ igi ló tún burú sí i. Ẹni tó bá fẹ́ gbé àfipamọ́, kó ka nọ́ńbà náà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, kó wá ìpíndọ́gba wọn.

Ó ku hint, ìyẹn ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí aláfipamọ́ ń kọ sílẹ̀ láti fi ran awáfipamọ́ lọ́wọ́. "Òfófó" ni mo ní, kò sí ẹni tó máa gbà mí, mo mọ̀. Àmọ́ ìbéèrè gidi wà níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi ROT13 bò ó, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á fo 13 síwájú, torí lẹ́tà Òyìnbó jẹ́ 26, tó bá tún fo 13 sí i á padà sílé. Tiwa 25 ni, kò ṣeé pín sí méjì. Mo sì dán an wò pẹ̀lú "abẹ́ òkúta", ohun tó jáde ni "noẹ́ òxúgn". Gbogbo fáwẹ́lì tó ní àmì lórí tàbí lábẹ́ jókòó síbi tó wà, kò mì! Òfófó tó ń ṣòfófó ara ẹ̀. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà nínú yín, ṣé ká fo 12 lọ ká fo 13 bọ̀, àbí ká kàn kọ òfófó láìfàmì sí i?