Ṣé 91,000 fránkì lọ́dún tó fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin ní Zürich?

Arìnrìn-àjò
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé-iṣẹ́ kan ní Zürich, ní orílẹ̀-èdè Swítsálàndì, ti gbà mí sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. 91,000 fránkì ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn gẹ́gẹ́ bí owó ọdún kan kí wọ́n tó yọ ohunkóhun kúrò, wọ́n sì ti ń bá mi tọrọ àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 7, tí èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 2, ni yóò bá mi lọ. Nígbà tí mo pín owó náà sí oṣù 12, ó lé ní 7,500 lóṣù, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan tó ti gbé ibẹ̀ rí ní kí n má tíì yọ̀. Kí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tí n kò rí?

Ìyá Ìbejì
Arákùnrin mi, ẹ kú oríire. Ẹ kọ́kọ́ padà lọ ka ìwé àdéhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ kì í pín owó ọdún sí ọ̀nà 12, ọ̀nà 13 ni wọ́n ń pín in sí, ìpín kẹtàlá a sì máa wọlé ní ìparí ọdún. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, 7,000 ni owó oṣù yín. Nínú rẹ̀ ni wọn yóò ti yọ ìdá 5.3 nínú 100 fún owó ìfẹ̀yìntì ti ìjọba àti ohun tó rọ̀ mọ́ ọn, ìdá 1.1 fún ìrànwọ́ aláìníṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì kejì, ìyẹn ti ilé-iṣẹ́, tí ó máa ń ga sí i bí ọjọ́ orí ṣe ń ga, àti owó orí, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ni ó ń yọ owó orí àjèjì tó ní ìwé ìgbélùú B lóṣooṣù.

Èyí tó máa ń ya ènìyàn lẹ́nu jù ni owó adójútòfò ìlera. Agbanisíṣẹ́ kì í bá yín san án, kò sì sí nínú owó orí. Olúkúlùkù, títí kan ọmọ ìkókó, ni wọ́n gbọ́dọ̀ ra tirẹ̀ fún. Ní 2025, àròpín ohun tí àgbàlagbà ń san tó nǹkan bí 449 fránkì lóṣù, ti ọmọdé sì tó nǹkan bí 118. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún ẹni mẹ́rin: ó ti lé ní 1,100 lóṣù kí ẹnikẹ́ni tó húkọ́. Bí àìsàn bá wá dé, àgbàlagbà ni yóò kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ tọ́jú ara rẹ̀ títí yóò fi dé iye tí ó yàn, láti 300 dé 2,500 fránkì lọ́dún, lẹ́yìn náà ni yóò tún máa san ìdá kan nínú mẹ́wàá títí dé 700. Ẹni tó bá yan 2,500 yóò san owó oṣooṣù tó kéré, ṣùgbọ́n èmi kò ní yàn án ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí owó ìpamọ́ ti wọ inú ilé gbígbà tán.

Oṣù mẹ́ta ni òfin fún yín láti forúkọ sílẹ̀ fún adójútòfò yìí, àmọ́ ẹ má rò pé oṣù mẹ́ta ọ̀fẹ́ ni o. Ọjọ́ tí ẹ dé ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, wọn yóò sì gba ti àwọn oṣù tó ti kọjá pọ̀. Wọ́n sọ fún mi, mo gbàgbé, ìwé owó àkọ́kọ́ tí mo rí gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé.

Àgbà Òṣìṣẹ́
Ní tèmi, ilé ló le jù. Ní 2024, nínú ilé 10,000 ní ìlú Zürich, bí 7 péré ló ṣófo. Onílé yóò béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹ kò jẹ gbèsè lórílẹ̀-èdè náà, èyí tí àlejò kò lè ní, nítorí náà ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ yín kí ẹ tó gbéra. Owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, inú àpò ní báǹkì tó wà ní orúkọ yín ni ó sì gbọ́dọ̀ wà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ dá lọ, kí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láàrin ọjọ́ 14 tí ẹ bá dé, kó tó di ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́, kí ẹ sì wá ilé sí Winterthur, ìlú kan nítòsí Zürich, tàbí ibòmíràn tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà.

Arìnrìn-àjò
Ẹ ṣeun púpọ̀. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi. Ṣé wọ́n máa jẹ́ kó ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì
Òfin gba aya ẹni tó ní ìwé B láàyè láti ṣiṣẹ́. Àmọ́ Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa ti Swítsálàndì ni yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì wọn wò, èdè Jámánì wọn sì gbọ́dọ̀ jinlẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ láti ìsinsìnyí. (Èyí tí wọn yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn yàtọ̀ sí èyí tí wọn yóò kọ́ nínú ìwé, etí á máa mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀.) Ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọmọ ọdún 7 yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń padà sílé lọ́sàn-án láti jẹun, èyí tó ń dí ìyá lọ́wọ́ púpọ̀. Ti ọmọ ọdún 2 ni ìṣòro: ilé ìtọ́jú ọmọ ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ lè ju 2,000 fránkì lọ lóṣù. Pẹ̀lú owó oṣù ẹnì kan, ẹ óò jẹun, ẹ óò sanwó ilé, àmọ́ ẹ kò ní lè fi nǹkan pamọ́ ní ọdún àkọ́kọ́. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n gbé owó ìkólọ àti ilé oṣù àkọ́kọ́ lé orí ara wọn, nígbà tí ẹ kò tíì fọwọ́ sí ìwé.

Arìnrìn-àjò
Mo ti padà ka ìwé àdéhùn náà, mà. Ọ̀nà 13 ni. Mo ti kọ̀wé sí wọn nípa owó ìkólọ.