Èèpo ni, kì í ṣe ìdin: lórí orúkọ kòkòrò funfun abẹ́ ewé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dábàá «eṣinṣin funfun» fún kòkòrò funfun abẹ́ ewé tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní whitefly, nínú ìwé tí a ń ṣe fún àwọn tó ń gbin tòmátì àti ẹ̀gẹ́ ní Gwagwalada àti Kuje, ẹ sì pe ọmọ rẹ̀ ní «ìdin». Méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyẹ́ méjì ni eṣinṣin ní. Mẹ́rin ni tèyí. Ìda lẹ́búlẹ́bú tó bò ó lára ló mú un funfun, nítorí náà «kòkòrò eléfun» ni mo fara mọ́.

«Ìdin» ló léwu jù. Ìdin a máa rìn kiri. Ọmọ eléfun a rìn díẹ̀ bó bá ti jáde nínú ẹyin, a ki ẹnu bọ ewé, ó dibẹ̀ títí yóò fi hu ìyẹ́. Ní ìpele kẹrin, èèpo rẹ̀ (puparium, ìyẹn ọmọ náà pẹ̀lú awọ tó bò ó) ni àwọn onímọ̀ fi ń dá irú kan mọ̀ sí òmíràn, torí àgbà wọn jọra púpọ̀. Ẹni tó bá ń wá ìdin kò ní wo èèpo.

Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú èèpo náà kí wọ́n lè fi maikirosíkóòpù wò ó nìyí: wọn a fi kẹ́míkà pọ́táṣíọ̀mù háídírọ́ksáìdì 10% mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí inú rẹ̀ yóò fi mọ́. Bó bá hó, èèpo lè fọ́. Wọn a fi omi ṣàn án, wọn a pa á láró, wọn a fi ọtí líle fa omi rẹ̀ gbẹ, wọn a kó o sínú òróró kànáfùrù, kí wọ́n tó fi Canada balsam, oje igi kan tó mọ́ gaara, lẹ̀ ẹ́ mọ́ díńgí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé sábẹ́ maikirosíkóòpù. Omi tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di kùrukùru. Ihò ìdí ẹ̀yìn rẹ̀, tí omi dídùn ń gbà jáde, àti ahọ́n kékeré inú rẹ̀ ni kí ojú kọ́kọ́ lọ síbẹ̀.

Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ìkìlọ̀ yìí sínú ìwé: irun ara èèpo kì í ṣe ẹ̀rí tó tó. Lórí ewé onírun bíi ti ìgbá, irú kan náà lè hu irun gígùn. Lórí ewé dídán bíi ti ẹ̀gẹ́, ó lè má fi bẹ́ẹ̀ ní in. Èyí wà lára ohun tó sọ Bemisia tabaci, irú eléfun kan tí onímọ̀ Gennadius ṣàpèjúwe ní 1889 lórí tábà ní Gíríìsì, di olórúkọ púpọ̀, títí onímọ̀ Russell fi kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ náà pọ̀ sábẹ́ ẹyọ kan ní 1957. Kí ẹnikẹ́ni tó kéde irú tuntun, kó kó èèpo láti ara ewé oríṣiríṣi, kó sì yẹ DNA wò.

Ẹ lè ní òfo nìkan là ń pè ní èèpo. Rárá o, ẹ̀pà wà nínú èèpo kí a tó pa á. «Èèpo» àti «èèpo òfìfo» ti tó.

Fún holotype, ìyẹn àpẹẹrẹ tí orúkọ irú tuntun dúró lé, «olórí àpẹẹrẹ» ni mo dábàá, nítorí ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí paratype, ìyẹn àwọn àpẹẹrẹ yòókù tí a fi ṣàpèjúwe irú náà, jẹ́ «àpẹẹrẹ ọmọlẹ́yìn».