Ọkọ mi fẹ́ ra ìbọn sílé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Ìjú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, adigunjalè wọ ilé tó kángun sí tiwa. Wọ́n já bọ́gúlárì, wọ́n kó fóònù, wọ́n lu bàbá onílé bí ẹni lu bàrà. Láti ọjọ́ náà ni ọkọ mi ti ní òun máa ra ìbọn. Ẹnì kan fẹ́ bá a wá ìbọn ìléwọ́, kò sì mẹ́nu ba ìwé kankan. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn ìbejì mi, kò síbi tí ọwọ́ wọn kì í dé. Ṣé kí n jẹ́ kó rà á ni, àbí kí n kọ̀ jálẹ̀?

Bàbá Abúlé-Ẹ̀gbá: Mi ò lè bá ọkọ yín wí. Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, tí wọ́n ní àwọn ọmọ Awawa, ẹgbẹ́ jàǹdùkú kan l'Ékòó, ń bọ̀, àwa náà sun táyà ní ìkóríta mọ́jú. Igi àti àdá ló wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá rí irú òru yẹn á fẹ́ ní ohun tó ń dún lọ́wọ́.

Ọmọ Ọdẹ, Agége: Bàbá, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tilé wa. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣakabùlà wọn sì ní ìwé. Lóru ọjọ́ kan, kò síná, wọ́n gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé. Wọ́n na ìbọn sí ẹni tó ń gun fẹ́ǹsì bọ̀. Ó ku kí wọ́n yìn ín ni ìyá mi pariwo pé, “Ọmọ yín ni o!” Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó pẹ́ níbi iṣẹ́, a ti ti géètì, kò sì fẹ́ jí wa. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí di ìdájí, wọn ò fọhùn. Nígbà tílẹ̀ mọ́, wọ́n gbé ìbọn náà lọ sí abúlé, kò sì wọ Èkó mọ́ láti ìgbà náà. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún yìnbọn nìyẹn o. Ọkọ yín tí kò yìn ín rí ńkọ́?

Lọ́yà Mushin: Ẹ má gbà o. Nínú òfin ìbọn ti ọdún 1959, ìbọn ìléwọ́ wà lára èyí tí Ààrẹ nìkan lè fọwọ́ sí. Ìbọn ọdẹ gan-an, ọlọ́pàá ló ń fúnni níwèé rẹ̀. Bí wọ́n bá bá ìbọn lọ́wọ́ ẹni láìgbàṣẹ, owó ìtanràn 20,000 náírà ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì.

Nọ́ọ̀sì, Yábàá: Ìwádìí tí Arthur Kellermann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1993 fi hàn pé ewu kí wọ́n pa èèyàn nínú ilé tó níbọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ilé tí kò ní. Ará ilé tàbí ojúlùmọ̀ ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn kan ń jiyàn pé ẹni tí ewu ti ń dọdẹ tẹ́lẹ̀ ló ń ra ìbọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò mọ ìyẹn. Ẹ fi owó náà ṣe bọ́gúlárì onírin tó nípọn, ẹ fi nọ́ńbà pàjáwìrì 112 àti 767 sórí fóònù gbogbo ará ilé.

Bàbá Abúlé-Ẹ̀gbá: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Ọdẹ wọ̀ mí lára. Ẹ ra fèrè sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Fèrè ló ń kó wa jáde lọ́dún náà.

Ìyá Ìbejì, Ìjú: Mo ka gbogbo rẹ̀ sí i létí lálẹ́ àná. Kò tíì ní òun ò rà á mọ́, àmọ́ kò pe ẹni yẹn padà. Ó ní kí n bi Ọmọ Ọdẹ bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà.

Ọmọ Ọdẹ, Agége: Wọ́n wà o, mà. Àwọn ló ń tọ́jú bàbá wa báyìí.