Bí a ṣe la ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ nínú àpótí kọ̀ǹpútà: ìrírí wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Iṣẹ́ fídíò ni mo ń ṣe: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìsọmọlórúkọ, àti èyí tó tóbi jù nínú ọdún wa, Ojúde Ọba. Kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tò wọ́n pọ̀ jẹ́ tòkunbọ̀, àpótí dúdú gíga kan tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì, tí èmi fúnra mi wá fi káàdì àwòrán GTX 1060 sí lẹ́yìn tí mo rà á. Gbogbo wa ni a máa ń pe àpótí náà ní CPU, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà bá wà níwájú mi, ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, bí mo bá sọ pé CPU, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tó ń ṣe ìṣirò nínú àpótí ni mo ní lọ́kàn.

Lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Regbẹ́regbẹ́ méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló gbé iṣẹ́ fún mi, àwọn méjèèjì ló sì fẹ́ kí fídíò tẹ àwọn lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀. Iṣẹ́ tó máa ń parí láàárín ogójì ìṣẹ́jú ń gba wákàtí kan ààbọ̀. Mo rò pé fáírọ́ọ̀sì ni, mo sì fi odindi òwúrọ̀ kan ṣòfò lórí èyí. Ìgbà tí mo ṣí HWiNFO, ètò tó ń ka ìwọ̀n ooru inú kọ̀ǹpútà, ni mo tó rí i pé CPU mi, Core i7-4790, ti wà ní ìwọ̀n 100 Celsius. Ibẹ̀ gan-an ni ààlà tí Intel pa fún un. Bó bá ti débẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Ńṣe ni ó ń gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ ikú, èmi sì jókòó síwájú rẹ̀, mò ń bú u.

Mo wá fara balẹ̀ ṣe ìṣirò. CPU náà lè jẹ iná 84 watt, káàdì àwòrán lè jẹ 120, ohun tó bá sì jẹ nínú iná náà ni yóò tú jáde ní ooru. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ sábà máa ń jẹ́ 1000 watt. Ó túmọ̀ sí pé ìdá márùn-ún ooru áyọ́ọ̀nù ni mo tì mọ́ inú àpótí irin láti àárọ̀ di òru, tí ó jẹ́ fáànù kan ṣoṣo lẹ́yìn ló ń tu afẹ́fẹ́ jáde, nígbà tí iwájú àpótí jẹ́ ike gbagidi, tí àlàfo tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọlé nísàlẹ̀ rẹ̀ kò sì ju ìka kan lọ.

Mo ra fáànù méjì, mo sì dè wọ́n síwájú, lẹ́yìn ike náà. Ìwọ̀n méjì péré ni ooru fi dín, ariwo sì di ìlọ́po. Mo fẹ́ lọ ra ẹ̀kẹta kí àbúrò mi tó dé, tí ó kàn fi ọwọ́ yọ ike iwájú náà kúrò, tí ó sì gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 86 ni a ń kà. Kò náni ní kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé kí n tó ka iye fáànù, kí n kọ́kọ́ wo ibi tí afẹ́fẹ́ yóò gbà wọlé àti ibi tí yóò gbà jáde, nítorí fáànù tí kò rí afẹ́fẹ́ fà kàn ń yí ni.

Ṣùgbọ́n àpótí tí kò ní ojú kò ṣeé gbé síwájú oníbàárà. Èyí ni mo fi gbé e lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan nítòsí gáréèjì Ìbàdàn. Kí n tó gbé e kúrò nílé, mo tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ pátá, motherboard (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́), power supply (àpótí kékeré tó ń pín iná fún wọn), ohun gbogbo, nítorí pé èérún irin bíńtín tó bá há sórí motherboard lè so ojú iná méjì tí kò yẹ kó kanra pọ̀. Ibi tí mo ti ṣe dáadáa mọ nìyẹn. Mo gbé fáànù 120 mílímítà lé orí irin iwájú, mo fi máákà yí etí rẹ̀ ká, mo sì ní kí ọkùnrin náà gé ibi tí mo fa ìlà sí. Ó gé e gẹ́lẹ́ bí mo ṣe wí. Nígbà tí mo wá fẹ́ de fáànù mọ́ ọn, fáànù gba ojú ihò náà kọjá, ó sì já sínú àpótí.

Ihò onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó fáànù fúnra rẹ̀ ni mo ní kí wọ́n gé, kò sì ṣẹ́ ku irin kankan tí nọ́ọ̀tì lè dì mú. Ohun tó yẹ ni ihò róbótó tí ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 115 mílímítà, pẹ̀lú ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àárín ọ̀kan sí àárín èkejì jẹ́ 105 mílímítà. Ti fáànù 140 jẹ́ 124.5, ti 80 sì jẹ́ 71.5. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri.

Jórinjórin rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ fa ìlà o.” Ó wá mú páànù irin kan tó ṣẹ́ kù lára géètì tí ó ń ṣe lọ́wọ́, ó ní òun yóò fi bo ihò náà, òun yóò sì gé òdòdó sí i bí ti géètì, kí ó lè dùn ún wò. Ó dùn ún wò lóòótọ́! Àwọn tó rí i lọ́dọ̀ rẹ̀ ń béèrè bóyá rédíò ni. Nígbà tí mo to gbogbo nǹkan padà, mo ka 89, fáànù sì ń fọn bí fèrè, nítorí pé irin tó wà láàárín òdòdó náà ju àlàfo rẹ̀ lọ, ẹnu àlàfo kọ̀ọ̀kan sì mú bí abẹ. Mo padà lọ. A gé ihò róbótó méjì sójú páànù náà, a fi ayùn pa ẹnu wọn, a sì fi wáyà róbótó tí wọ́n ń tà fún fáànù bò ó. 74. Òdòdó náà kò ṣòfò. A gé òmíràn tó jọ ọ́ sí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ kò nílò láti gbà.

Ní ti ọ̀dà, mi ò ní sọ púpọ̀. Oṣù keje ni mo fín in, òjò ń rọ̀, ọ̀dà náà sì ṣú funfun bí ẹni pé a ku eérú lé e. Mo fi sáńdípépà 400 àti 600 họ ọ́, mo dúró de ìgbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ, mo sì tún un fín ní àwọ̀ aró. Ẹ fi téèpù bo ibi tí nọ́ọ̀tì motherboard ti ń kan irin, kí ọ̀dà má dé ibẹ̀.

Láti Ṣàgámù

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa láti Òde. Ilé ìtẹ̀wé kékeré ni èmi ní, létí títì tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í dá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, nítorí náà eruku ni ìṣòro tèmi. Kọ̀ǹpútà mi ní fáànù mẹ́ta. Ẹni tó bá mi tò ó ní kí gbogbo wọn máa tu ooru jáde, ó sì dà bí ọgbọ́n létí mi. Kò pé oṣù kan tí heat sink mi, irin tó ń fa ooru kúrò lára CPU, fi di bí ìrọ̀rí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí fáànù bá ń tu afẹ́fẹ́ jáde nìkan, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀, gbogbo ojú ihò tí a kò ká mọ́ ni yóò sì gbà: ẹnu ibi tí à ń ki DVD sí, ojú USB, àlàfo ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́. Eruku á sì máa bá a wọlé.

Mo yí méjì padà síwájú kí wọ́n máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, mo sì fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Báyìí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ju èyí tó ń jáde lọ, àwọn àlàfo kéékèèké wọ̀nyẹn sì di ọ̀nà àbájáde. Bí ẹ kò bá mọ ojú tí fáànù kọ sí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ̀gbẹ́ tó ní ọ̀pá ike tó di àárín mú ni afẹ́fẹ́ sábà máa ń gbà jáde. Bó bá ṣì rú yín lójú, ẹ fi bébà tíṣù kan síwájú rẹ̀, kí ẹ wo bóyá yóò fà á mọ́ra tàbí yóò tì í kúrò.

Ó wá ku asẹ́ tí yóò gba eruku lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ tí màmá mi fi ń sẹ́ ògì ni mo kọ́kọ́ gé, mo sì fi lẹ́ẹ̀mù mú un mọ́ iwájú. Eruku kò wọlé mọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà kò wọlé. Láàárín ọjọ́ kan ooru ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, màmá mi sì ń wá aṣọ rẹ̀ kiri. Nẹ́ẹ̀tì fèrèsé, irú èyí tí àwọn káfíńtà ń kàn mọ́ wíńdò nítorí ẹ̀fọn, ni mo padà sí. Kò gba gbogbo eruku. Ó gba èyí tó pọ̀ jù, mo sì ń yọ ọ́ fọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ọ̀sẹ̀ kan ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá sì ń fi ẹ̀rọ fẹ́ eruku ara fáànù, ẹ fi ìka di apá rẹ̀ tó ń yí mú kí ó má yí ní ìyíkuyìí.

Láti Àgọ́-Ìwòyè

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, kò sì sí owó. Ẹwà ni mo ń wá, kì í ṣe ooru ló ń dà mí láàmú. Mo gé ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, mo sì fi ike tó mọ́ bíi gíláàsì sí i kí iná aláwọ̀ inú rẹ̀ lè máa hàn. Ike àkọ́kọ́ fọ́ nígbà tí mò ń lu ihò igun kẹta, nítorí mo tẹ dírìlì náà kíkankíkan, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn ike. Fún ìkejì, mo fi téèpù bo ojú rẹ̀, mo tẹ́ pákó sí abẹ́ rẹ̀, mo sì rọra lù ú. Ó dára, yàrá wa dà bí ibi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n lára ìlẹ̀kùn tí mo gé náà ni àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí káàdì àwòrán mi fi ń mí wà, ìwọ̀n mẹ́sàn-án ni ooru rẹ̀ sì fi gbéra. Ṣé kí n tú power supply kí n fi fáànù tó lágbára jù sí inú rẹ̀?

Láti Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò, má fọwọ́ kan inú power supply rárá. Capacitor inú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná pamọ́, ṣì lè gbé iná sára lẹ́yìn tí o ti yọ ọ́ kúrò lójú iná. Gé ihò róbótó kan sísàlẹ̀ ike náà, ní ọ̀gangan káàdì, kí o sì fi fáànù kan sí i tí yóò máa fa afẹ́fẹ́ wọlé. 105 mílímítà láti àárín nọ́ọ̀tì kan sí èkejì, má sì fi máákà yí fáànù ká.