Ìbéèrè: Mùsùlùmí erékùṣù Cocos, ta ló gbé ẹ̀sìn débẹ̀?

Ìyá Àmínà: Àsàláàmù àléékùm, ẹ̀yin ará mi. Pẹ́ẹ̀tì (Perth) ní Ọsirélíà la wà. Ibi iṣẹ́ ọkọ mi fẹ́ gbé e lọ sí erékùṣù Cocos láàárín Òkun Íńdíà. Wọ́n ní Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ta ló gbé ẹ̀sìn débẹ̀? Ṣé màá lè bá wọn kírun láìṣe bí àjèjì?

Alhaja Nọ́ọ̀sì: Wà àléékùm sàláàm. Mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè erékùṣù tí wọ́n máa gbé yín sí. Nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, méjì péré lèèyàn ń gbé. Pápá ọkọ̀ òfuurufú wà ní West Island, Home Island ni àwọn Màléè, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀, àti mọ́sáláṣí wọn wà, ọkọ̀ ojú omi ló so méjèèjì pọ̀. Gbogbo wọn ò ju nǹkan bí 600 lọ, torí náà kẹ́ ẹ tó dé ni wọ́n ti máa gbọ́.

Orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe òbí, bíi tiwa gẹ́lẹ́. Mak Àmínà lẹ máa jẹ́ o, ẹ má jiyàn.

Ní ti irun, ìlànà (mẹ́sáàbù) Ṣáfíì ni wọ́n ń tẹ̀lé. Lẹ́mọ́ọ̀mù á ka Bísímíláì sókè ṣáájú Fátíhà. Tó bá dìde ní rùkúù ìkẹyìn ìrun àsùbáà, á dúró ṣe àdúà kùnúùtì sókè, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe àmín. Ẹ má sáré forí kanlẹ̀! Tó bá dọdún ìtúnu ààwẹ̀, ẹ lọ wo ìdíje jukong, ọkọ̀ ìgbòkun wọn. Ó dùn ún wò.

Àrẹ̀mú Ìṣẹ́yìn: Kì í ṣe ààfáà ló gbé ẹ̀sìn débẹ̀ o. Erékùṣù ṣófo ni, kí Alexander Hare, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan, tó kó ẹrú wá láti ìhà Màléè ní 1826. Ìdílé Clunies-Ross ló wá sọ ara wọn di ọba: oko àgbọn tiwọn, owó tiwọn, ilé ìtajà tiwọn nìkan ni wọ́n sì ti ń ná an. 1978 ni Ọsirélíà tó ra ilẹ̀ náà. Ní 1984 wọ́n dìbò, 229 nínú 261 ní àwọn á bá Ọsirélíà lọ.

Ìgbà tí Hare kó ẹrú débẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń kó àwọn Ìmàle wa lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní Brazil. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn Ìmàle náà dì ní 1835, ìjọba lé wọn, ó nà wọ́n, ẹ̀sìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lọ́hùn-ún. Ti Cocos kò parẹ́. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù.

Ìyá Àmínà: Ẹ ṣeun gan-an. Alhaja, ata ńkọ́?

Alhaja Nọ́ọ̀sì: Ata wà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Gààrí ni kò sí.