Awò ìbọn mi ò yí mọ́, ọta ṣì ń balẹ̀ nísàlẹ̀ àmì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìdànrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọdẹ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà lọ́nà Ìdànrè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò jẹ́ n rímú mí lóko ọ̀hún. Èso tó bá ti ń pọ́n ni wọ́n ń dá lu. Wọ́n á lá omi dídùn inú rẹ̀, hóró á dà sílẹ̀, ìyókù á jẹrà sára igi.

Torí wọn ni mo ṣe ra ìbọn afẹ́fẹ́, èyí tí a máa ń ká ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ ká tó ki ọta òjé sí i. Mo gbé awò, gíláàsì tí a fi ń wo àmì láti ọ̀nà jíjìn, lé e lórí. Mo so páálí mọ́ iwájú òkìtì ilẹ̀ ní mítà 25, mo fi ìbọn lé àpò iyanrìn, mo yìn ín. Ọta lọ balẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí orí awò náà sókè, kẹ́, kẹ́, kẹ́, títí ó fi le gírígírí tí kò yí mọ́. Síbẹ̀, ọta ṣì fi sẹ̀ǹtímítà 6 wà nísàlẹ̀ àmì.

Mo ní awò ló bàjẹ́. Mo lọ ra òmíràn tó wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bákan náà ló rí. Owó ń tán lọ, kòkó ń ṣòfò. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ọdẹ Ọ̀wọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó rọra tẹ ọ̀pá ìbọn náà sókè díẹ̀. Ẹnìkan ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, ó sì rí i ṣe.

Ọdẹ Ìjù:
Ká tó lọ jìnnà, ṣé ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ yín? Òfin ìbọn Nàìjíríà ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ èyí tí èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún. Ọ̀pọ̀ ò mọ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìdànrè:
Ìwé wà, ẹ ṣeun.

Bàbá Atúnbọnṣe:
Ọmọ mi, má gbé e dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ kankan. Ọ̀pá ìbọn tó bá tẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, kò sẹ́ni tó máa bá ọ dá a padà. Ẹni tó rí i ṣe, orí ló kó o yọ.

Awò méjì ò lè ní àrùn kan náà. Ìbọn lọ́rọ̀ wà. Ìbọn tí a ń ká, ibi tó ti ń ká yẹn ni ọ̀pá rẹ̀ ti máa ń dorí kodò díẹ̀, bí wọ́n ṣe ṣe òmíràn láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Bí o bá ń fi ojú irin wò ó, o ò ní mọ̀, torí pé orí ọ̀pá yẹn gan-an ni ojú irin jókòó sí, iwájú àtẹ̀yìn. Àwọn méjèèjì jọ ń tẹ̀ wálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ara ìbọn ni awò jókòó sí. Ara ìbọn ń wo iwájú gbọnrangandan, ọ̀pá ń wo ilẹ̀. Ohun tí o ti ń bá awò jà lé lórí nìyẹn.

Ohun tí wàá ṣe rèé. Rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Di ìbọn mú, kí o mi ẹnu ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì. Bó bá mì rárá, síkúrù ìkóríta ọ̀pá àti ara ìbọn ti dẹ̀, fún un kó le. Wo rọ́bà tó wà lẹ́nu ibi tí ọta ń gbà wọlé, bóyá ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, tú awò kúrò pátápátá kí o yí orí rẹ̀ padà sí àárín. Èyí ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gé páálí bàtà kan ní ihò méjì tó rí bíi lẹ́tà V, gbé awò sínú rẹ̀, kí o wo nǹkan kan tó jìnnà, bí orí òpó iná. Máa yí gbogbo awò náà po níbẹ̀. Bí kò bá sí ní àárín, wàá rí i tí àgbélébùú inú rẹ̀, ìlà méjì tó dábùú ara wọn, ń yí òpó náà ká bí ẹran tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Máa tún un ṣe títí yóò fi dúró sójú kan bí awò ṣe ń yí.

Tó o bá ti wá ń dè é padà, fi òrùka ẹ̀yìn, lára méjì tó di awò mú sórí ìbọn, síwájú, kí o fi tiwájú sẹ́yìn. Àwọn òrùka olówó pọ́ọ́kú kì í ga bákan náà. Bí ọta bá gòkè lẹ́yìn èyí, òrùka wà lára ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìdànrè:
Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Síkúrù ìkóríta yẹn dẹ̀ lóòótọ́, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Mo ka awò náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun: kẹ́ 240, àárín jẹ́ 120. Mo pààrọ̀ òrùka, mo tún yí i sókè dé òpin, ọta fi sẹ̀ǹtímítà 4 gòkè! Ó ku 2 péré. Ṣé kí n gé agolo mínírà sábẹ́ òrùka ẹ̀yìn?

Tíṣà Fìsíìsì, Àkúrẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, báwo ni òrùka méjèèjì ṣe jìnnà síra?

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìdànrè:
Sẹ̀ǹtímítà 10.

Tíṣà Fìsíìsì, Àkúrẹ́:
Ó dáa. MOA ni ìwọ̀n igun kékeré tí wọ́n fi ń ka yíyí awò, ìdá kan nínú 60 dígírì kan. Bí awò yín bá jẹ́ ti ìdá kan nínú mẹ́rin MOA, bí ọ̀pọ̀ ṣe rí, kẹ́ kan ní mítà 25 jẹ́ mílímítà 1.8. Kẹ́ 120 tí ẹ yí láti àárín ti gbé ọta gòkè ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22. Ẹ fi 6 ti àkọ́kọ́ kún un, láti àárín ẹ nílò 28. Lára 28 yìí, díẹ̀ jẹ́ ti gíga awò sórí ọ̀pá, díẹ̀ jẹ́ ti ọta tó ń rọ̀ wálẹ̀ lójú ọ̀nà, ìyókù ni ti ọ̀pá tó dorí kodò.

Agolo mínírà nípọn tó 0.1 mílímítà. Lábẹ́ òrùka ẹ̀yìn, pẹlu àlàfo yín yìí, ẹyọ kan máa gbé ọta gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ẹyọ kan náà á parí 2 tó kù yẹn.

Bàbá Atúnbọnṣe:
Tíṣà, ìṣirò yín pé, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dúró síbẹ̀. Awò tó bá wà ní ìpẹ̀kun òkè, sípírìngì inú rẹ̀ ti nà tán, kò lágbára mọ́. Ìbọn yìí sì máa ń tì sẹ́yìn, á tún ta síwájú, nínú ìyìn kan ṣoṣo. Lónìí á bọ́ sí i, lọ́la á ṣìnà, ọmọ mi á tún ní awò bàjẹ́. Bó bá sì fẹ́ fi agolo gbé gbogbo 28 yẹn, á kó o jọ ju 10 lọ, òrùka á wá tẹ ara awò wọ́.

Wá ìjókòó awò tó ga lẹ́yìn ju iwájú lọ. Wọ́n máa ń kọ 20 MOA sí i lára. Rí i pé ti mílímítà 11 ni ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ojú ibi tó máa jókòó sí lórí ìbọn rẹ bá jẹ́ 11, kó sì ní píìnì tó máa dá a dúró kó má bàa máa sá sẹ́yìn.

Tíṣà Fìsíìsì, Àkúrẹ́:
Òótọ́ ni Bàbá sọ. 20 MOA ní mítà 25 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 14.5. Ohun tó kù fún awò láti ṣe á wá dín ní ìdajì.

Ọmọ Ọdẹ Ọ̀wọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ tí mo sọ. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìdànrè:
Kò sí ìbínú, àbúrò mi. Mo dé láti oko báyìí. Mo de ìjókòó 20 MOA náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Lẹ́yìn kẹ́ bíi 60, ọta kan àgbélébùú gan-an. Mo yìn mẹ́ta léra wọn, àtàǹpàkò mi bo ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí awò ṣì ń yí fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ sókè àti sísàlẹ̀.

Bàbá, ti píìnì tí ẹ sọ: mo fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti ara ìjókòó dé ara ìbọn, kí n lè mọ̀ bó bá sún. Mo ti yìn ín ní 30. Ìlà náà ṣì tọ́.