Ọmọ tuntun ń bọ̀, màmá ọkọ mi náà ń bọ̀, báwo lẹ ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nílé nírú àsìkò yìí?

Ìyá Fẹlíṣíà, Houston

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, àmọ́ tèyí ti fẹ́ ju agbára mi lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á tó bá gùn.

Ọmọ mẹ́ta la ní, ọkùnrin ọmọ ọdún 9, obìnrin ọmọ ọdún 7, àti Fẹlíṣíà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé méjì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́ ọmọ ọdún méjì rí ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Ìkẹrin ń bọ̀ ní February lágbára Ọlọ́run. Èmi ni mò ń kọ́ wọn nílé. Nọ́ọ̀sì ni dádì wọn, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe, tó bá dé láàárọ̀ á bá wa gbàdúrà, á mu ògì, á wọlé lọ sùn, àtìgbà yẹn di ọ̀sán wúyẹ́wúyẹ́ la fi ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ẹ fi wúyẹ́wúyẹ́ kọ́ ọmọ ní times table kẹ́ ẹ wò ó.

Ìwé Seton, iléèwé Kátólíìkì tó ń ṣe ìwé fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ nílé, la fi ń ṣe gírámà àti katikísìmù, ìṣirò níbòmíì la ti rà á. Ẹ̀wà ni èyí ọmọ ọdún 7 fi ń ṣírò, Fẹlíṣíà á wà lábẹ́ tábìlì á máa ṣa èyí tó bá bọ́. Lọ́jọ́ kan ó ki ẹyọ kan bọ imú. Mo ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ká máa lọ ọsibítù nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bu ata gígún fẹ́nfẹ́ sábẹ́ imú ẹ̀, ọmọ sín, ẹ̀wà fò jáde. Dádì wọn ò tíì gbọ́ ti ata yẹn o, ẹ má ṣe tú mi fó.

Ìbéèrè mi rèé. Àkọ́kọ́, tí ọmọ tuntun bá dé, kí lẹ máa ń gé kúrò nínú iṣẹ́, kí lẹ ò ní gé láéláé? Èkejì, èyí ọmọ ọdún 7 ló kàn láti gba Kómúníọ̀n àkọ́kọ́, ẹni tó ń mójú tó katikísìmù ní páríìṣì wa sì ní dandan ni kó wá kíláàsì wọn ní gbogbo Wednesday fún ọdún méjì, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ là ń kọ́ ọ nílé. Ṣé ẹ̀yin jẹ́ kí tiyín lọ ni?

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù. Màmá ọkọ mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, iléèwé Àgùdà ni wọ́n sì ti lo èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí bí mo ṣe máa sọ ọ́ kó yé wọn pé ọmọ tó wà nílé láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Tuesday kì í ṣe ọmọ tí wọ́n lé wálé. Lórí fóònù wọ́n ní "Ṣé owó iléèwé ni ò sí ni, kí n bá yín ta ilẹ̀ Mọ́níyà?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Iléèwé ìjọba ọ̀fẹ́ ni níbí, kì í ṣọ̀rọ̀ owó rárá.

Màmá Dòmí, Maryland

Ẹ kú ìkúnra o ìyá wa, a ó gbóhùn ìyá a ó gbóhùn ọmọ lágbára Ọlọ́run.

Texas lẹ wà, ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀ ń jayé. Níbí, èèyàn gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí káńtì ní ọjọ́ 15 kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lè pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kí n wá ṣí fáìlì àwọn ọmọ hàn wọ́n, títí kan músíìkì àti eré ìdárayá. Gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín ò ju kíkà, sípẹ́lì, gírámà, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ìlú, kò sẹ́ni tó ń ka iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi kẹ́kọ̀ọ́. Ilé ẹjọ́ gíga jù Texas ti parí ọ̀rọ̀ yẹn láti 1994, iléèwé aládàáni ni wọ́n ka ilé yín sí.

Torí náà ohun tí èmi máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa kọ́ wọn ní gbogbo June sí August. Ta ló fẹ́ jáde nínú oòrùn Houston yẹn tẹ́lẹ̀? Ẹ jókòó sábẹ́ AC kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò. Tí February bá wá dé, ẹ ò jẹ gbèsè iṣẹ́ kankan sílẹ̀ rárá, ẹ ti san án ṣáájú ni, kẹ́ ẹ sinmi títí Àjíǹde. Èyí tí mi ò ní gé ni kíkà sókè, ìṣirò díẹ̀, àti àdúrà. Sáyẹ́ǹsì ń bọ̀ wá bá yín nínú ilé fúnra ẹ̀, ọmọ tuntun ni sáyẹ́ǹsì.

Rósárì ńkọ́? Ẹ má fi ọmọ ọdún méjì sórí eékún fún ohun ìjìnlẹ̀ márààrún, ẹ̀ ń fi ìyà jẹ ara yín ni. Mẹ́wàá kan ṣoṣo, ìyẹn Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá, pẹ̀lú ẹ, kó lọ sùn, kẹ́yin àti àwọn àgbà parí ìyókù. Nílé wa ìjà ni wọ́n máa ń jà lórí ẹni tó máa darí mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, torí ẹni yẹn ló máa pa àbẹ́là. A ti wá kọ orúkọ mọ́ ara fìríìjì báyìí, ẹni tó bá jà pàdánù tiẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí èyí ọmọ ọdún 9 máa kọ́ àbúrò ẹ̀ ní kíkà. Tèrésà mímọ́ ti Lisieux, lẹ́yìn tí ìyá ẹ̀ kú ní 1877, Pauline ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń kọ́ ọ nílé títí ó fi tó lọ iléèwé àwọn Sístà, ó sì di dókítà Ìjọ, ìyẹn olùkọ́ ńlá tí gbogbo Ìjọ ń kẹ́kọ̀ọ́ lára ẹ̀. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ sọ ọmọkùnrin yẹn di tíṣà o, ìṣẹ́jú ogún ti tó.

Bàbá Pọ́ọ̀lù

Mo ti ṣe katikíìsì rí nílé, ẹ jẹ́ kí n dá sí ti Kómúníọ̀n.

Òfin ìjọ, Kánọ́ọ̀nù 914, àwọn òbí ló kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà ló wá kan fádà páríìṣì, pé àwọn ni kí wọ́n rí i pé ọmọ tó ti ní òye múra sílẹ̀, kó sì gbà á ní kíá. Fádà ló sì ni ẹ̀tọ́ láti yẹ ọmọ wò bóyá ó ti tó. Ọmọ ọdún 7 yìí pàápàá, Póòpù Pius Kẹwàá ló dá a padà síbẹ̀ ní 1910, kó tó dìgbà yẹn ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti máa ń dá ọmọ dúró di ọdún 10, 12. Ohun tí wọ́n ń wá ò pọ̀, kó mọ ìyàtọ̀ láàárín Ara Kristi àti búrẹ́dì lásán, kó mọ àwọn ohun ìjìnlẹ̀ ìgbàgbọ́ níwọ̀nba òye ẹ̀, kó sì ti ṣe ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ẹ má gbé ìwé òfin lọ bá fádà. Mo ti rí àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n wọ ọ́fíìsì bíi lọ́yà, wọ́n bínú jáde. Ẹ lọ kí fádà lẹ́yìn Mísà, tọkọtaya, ẹ mú ọmọ dání, ẹ ní "Fádà, ẹ bá wa bi í ní ìbéèrè." Kí wọ́n bi í pé ta ló dá ayé, kí wọ́n bi í pé kí ló wà lórí pẹpẹ lẹ́yìn ìyàsímímọ́. Tó bá dáhùn, ọ̀rọ̀ Wednesday á rọ̀ fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ní kó wá, kó lọ. Páríìṣì náà ilé ẹ̀ ni, ó yẹ kó mọ àwọn tí wọ́n jọ máa gba Kómúníọ̀n.

Ìyá Ìbejì Peckham

Ẹ kú ìkúnra. Èmi fẹ́ sọ apá kejì tí wọn kì í sábà sọ.

Ní England níbí kò le láti mú ọmọ kúrò ní iléèwé, lẹ́tà kan sí hẹ́ẹ̀dì ni, ó parí, àwọn káńsù ló lè máa wá béèrè bó ṣe ń lọ. A gbádùn ẹ̀ gan-an nígbà tí wọ́n kéré, a máa ń lọ Mísà ọ̀sán, ilé mùsíọ́ọ̀mù ṣófo láàárọ̀ Thursday. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n àwọn ìbejì pé 11 mo dá a padà sí iléèwé Kátólíìkì, ó dẹ̀ yẹ ẹ́. GCSE ló fà á, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe níbí ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16. Ọmọ tó ń kọ́ nílé, ẹ̀yin lẹ máa wá ibi tó máa ti jókòó ṣe ìdánwò, ẹ̀yin lẹ máa sanwó lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, àwọn iléèwé míì ò sì ní gbà á. Kò túmọ̀ sí pé ẹ ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo kàn ní kẹ́ ẹ má búra. Àwọn ẹlòmíì ti sọ homeschool di sakaramẹ́ńtì kẹjọ.

Àbúrò mi tó wà ní Jámánì ò tiẹ̀ láǹfààní ẹ̀ rárá, dandan ni kí ọmọ lọ iléèwé níbẹ̀, torí náà ká máa dúpẹ́.

Kọ́lá_Bódìjà

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà. Ọmọ tí ò bá ẹgbẹ́ jà, tí ẹnì kan ò jí pẹ́ńsù ẹ̀ rí, báwo ló ṣe máa mọ ayé? Màmá yẹn ò jayò pa.

Màmá Dòmí, Maryland

@Kọ́lá wá sùn nílé wa lọ́jọ́ kan, wàá mọ̀ bóyá wọn ò bá ẹgbẹ́ jà. Pẹ́ńsù mi gan-an ni wọ́n ń jí.

Sísì Campos

Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí pẹ́ńsù, ọ̀rọ̀ màmá ló ṣe pàtàkì.

Ìyá Fẹlíṣíà, ẹ̀ ń múra àlàyé sílẹ̀ de tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Tíṣà kì í fẹ́ àlàyé, iṣẹ́ ló fẹ́. Obìnrin tó ti dúró níwájú kíláàsì fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀, ẹ fẹ́ kó wá máa jókòó lórí kọ́ọ̀ṣì kó máa wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn tó bá wẹ ọmọ tán? Ibẹ̀ ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún wọn ní sọ́bújẹ́ẹ̀tì tiwọn kí wọ́n tó wọ bàálù. Yorùbá ni kó jẹ́, kíkà àti kíkọ, àti àdúrà. Ẹ ní kí wọ́n mú katikísìmù Yorùbá àti ìwé orin bọ̀. Ṣé àwọn ọmọ yín lè gba Mo kí ọ Màríà délẹ̀ ní Yorùbá láìwo ìwé? Bí wọn ò bá lè gbà á, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn, ẹ ò sì ní parọ́ fún màmá rárá.

Tí wọ́n bá ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ò lè dúró nínú ilé, ẹ rán wọn létí Pa Antonio. Kí àwọn fádà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì, tó wá jókòó sí Èkó ní 1868, kò sí fádà kankan níbẹ̀, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ló wà níbẹ̀, Pa Antonio sì ni wọ́n ń wò. Òun ló ń kó wọn jọ gbàdúrà, òun ló ń ri ọmọ bomi, òun ló ń dúró ti ẹni tó ń kú lọ. Nígbà tí Fádà Borghero, ọ̀kan nínú àwọn SMA yẹn, yọjú ní 1863, ó bá ìgbàgbọ́ lójú ẹ̀. Àwọn ìyá àgbà wa ní Campos, àdúgbò àwọn Àgùdà l'Ékòó, ò jẹ́ ká gbàgbé ìtàn yẹn. Màmá á mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí àwọn gan-an sọ ọ́ fún àwọn ọmọ.

Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù ni pé ohùn tíṣà ò mọ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ bá dádì Fẹlíṣíà wá nǹkan ìdíti.

Ìyá Fẹlíṣíà, Houston

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Dádì wọn ti kà á (mo kọ́kọ́ ka ibi ata fún un fúnra mi, ó ní òun ti mọ̀, Fẹlíṣíà ti fi ọwọ́ júwe ẹ̀ fún òun). A máa lọ rí fádà lọ́jọ́ Sunday. Ti ẹ̀kọ́ inú ooru yẹn, a ti gbà á.

Mo pe màmá lálẹ́ àná. Mi ò ṣàlàyé nǹkan kan, mo kàn ní àwọn ọmọ ò mọ Yorùbá kà, wọn ò sì mọ àdúrà Yorùbá, a sì ń wá tíṣà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní "Ìwé kẹlòó ni wọ́n wà?" Lẹ́yìn ìyẹn wọn ò béèrè ọ̀rọ̀ iléèwé mọ́, wọ́n ní kí n ra bọ́ọ̀dù dúdú sílẹ̀, àwọn ò lè fi máákà kọ́ ọmọ, kí n ra ṣọ́ọ̀kì páálí méjì, funfun nìkan, kí n sì sọ fún ọmọ wọn pé kó wá ibòmíì sùn.

Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta bọ́ọ̀dù dúdú gidi ní ìhà Alief kó bá mi sọ.